Ta Ni Yóò Dá Ìyá Ìsìlámíyátù Lóhùn?

Ìyá Ìsìlámíyátù Àlàó, tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì, kú sórí ilẹ̀ yàrá rẹ̀ ní Tokoin Wuiti, àdúgbò tí a ń gbé lẹ́yìn odi. Ọjọ́rú ló ṣubú. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n tó rí i. Àwa Yorùbá la kún agboolé náà láti ẹnu géètì títí dé ìdí kànga, àmọ́ ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan nínú wa. Prisca ni, ọmọ Mínà, ẹ̀yà kan níhìn-ín, tó ń ránṣọ lójúde, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Aného dé.

Nígbà tí èrò pé jọ, Prisca wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi Yorùbá tó kọ́ lẹ́nu olóògbé sọ pé, "Mo rò pé ẹ̀yin máa ń kí àgbà yín láràárọ̀. Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ tí mo fi lọ nìyẹn."

Kí la fẹ́ sọ? Ṣé ká sọ fún un pé a ti ṣèpàdé lé obìnrin náà lórí, pé a ti fẹnu kò pé kí ẹnikẹ́ni má kí i mọ́?

Ẹni tí kò mọ̀ wá lè rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni ìkíni. Ẹnu ọ̀nà àgbà la ti ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́. A ó kúnlẹ̀, a ó bèèrè bí wọ́n ṣe jí, a ó sì dúró gbọ́ èsì. Bí èsì kò bá wá, a ó ṣílẹ̀kùn. Bí a ṣe ń mọ̀ pé àgbà jí nìyẹn. Kò ná ẹnikẹ́ni ní fráǹkì kan. Èmi tí mo máa ń ṣírò ohun gbogbo kí n tó na owó sí i, n kò tíì rí ọdẹ ilé tó ń ṣọ́ ènìyàn dáadáa tó bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé ìwé ni mo ti ń ra bọ́tìnnì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní agolo wàrà kan tó ń kó àwọn tó ṣẹ́kù ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí. Bí bọ́tìnnì rẹ bá já, kò ní jẹ́ kó o ra odidi páálí. Á tú agolo náà sórí itan, á máa fi ìka wá èyí tó jọ ọ́. "Ahun mi ti dé," ló máa ń fi kí mi, kí n tó kúnlẹ̀. "Ẹ̀wù yìí náà ni o ṣì ń wọ̀? Wá gba bọ́tìnnì, kó má baà sọ pé òun ti ṣiṣẹ́ tó."

Ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nǹkan yí padà. Bí ọkùnrin bá kí i lọ́jà, á rẹ́rìn-ín, á dáhùn. Bí obìnrin bá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa wo ibòmíràn. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ láàárín ara wọn.

"Ìyá àgbà yìí ń wá ọkọ ni?" Àdùkẹ́ tó ń ta gèlè ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Bó bá máa fẹ́ ẹ, kó fẹ́ ẹni tó ní mọ́tò," èkejì rẹ̀ dá a lóhùn, "ká lè máa rí nǹkan wọ̀ dé Sanguéra."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ẹ̀rín, wọ́n gbé ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwa Yorùbá. Alága wa, Bàbá Fágbèmí, tí ohùn rẹ̀ rinlẹ̀ bí ilẹ̀kùn irin, bi í pé kí ló dé tó ń bá àwọn èèyàn rẹ̀ yodì. Ó gbọ́. Ó ní, "Èmi kẹ̀? N kò bá ẹnikẹ́ni jà." Nígbà tí àwọn obìnrin wá ń rojọ́, ó kàn ń wò wọ́n. Ìwò yẹn ni wọ́n pè ní àfojúdi. Ọmọ rẹ̀, Ọmọ́táyọ̀, dìde, ó ní ó jọ pé ìyá òun kò gbọ́ràn mọ́. Wọ́n ní adití kì í gbọ́ ohùn Alága. Wọ́n dájọ́: kí gbogbo ilé fi í sílẹ̀ títí tí yóò fi wá bẹ̀bẹ̀.

Kó wá bẹ̀bẹ̀ kí ni? Ṣé ẹ̀bẹ̀ ohun tí kò gbọ́?

Ọmọ́táyọ̀ ti Cacaveli tó ń gbé wá, ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan. Ọkùnrin tó jókòó níbẹ̀ kọjú sí ọmọ, kò kọjú sí ìyá. "C'est l'âge," ló sọ: ọjọ́ orí ni. Ó kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ fún un. Kò wo inú etí rẹ̀. Ẹgbẹ́ gbọ́, wọ́n ní ẹ ò rí i, dókítà kò rí nǹkan kan.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni kì í jẹ́ kí n sùn. Prisca máa ń jókòó síwájú ìyá yìí, á fọwọ́ kan orúnkún rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Òun nìkan ni olóògbé ṣàlàyé fún: "N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kí mi kí n má dáhùn." Nítorí náà, bí kọ́tìnnì ẹnu ọ̀nà bá mì, á ní, "Ẹ káàárọ̀ o. Mo jí dáadáa. Àwọn ọmọ ńkọ́?" Atẹ́gùn ló ń dá lóhùn. Ojoojúmọ́ ló ń dáhùn ìkíni tí ẹnikẹ́ni kò kí i, kó má baà pàdánù ti ẹni tó lè kí i. Àwọn ará ilé gbọ́, wọ́n ní ó ti ń bá òkú sọ̀rọ̀, wọ́n fa ọmọ wọn sẹ́yìn. Kò pẹ́, kò wé gèlè mọ́. Oúnjẹ ń kù sílẹ̀ nínú abọ́. Orúkọ ń sọnù lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ní arúgbó ni, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe. Bí Ọmọ́táyọ̀ bá pè é lórí fóònù tí kò gbé e, kò tún já ọmọ náà láyà mọ́. Ìyá kò kúkú gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Bí fóònù náà ṣe dún dún ní Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ sọ́dọ̀ dókítà etí. Mo ní kó yẹ tèmi náà wò, kí owó tí mo san má baà ṣòfò. Ó ní bí àgbà bá dé, ohùn tín-ínrín ni etí sábà máa ń kọ́kọ́ pàdánù, ohùn obìnrin àti ti ọmọdé. Ohùn tó rinlẹ̀ lè ṣì máa wọlé. Ó ní ẹni tí kò gbọ́ràn máa ń dá wà, ìbànújẹ́ á mú un, iyè rẹ̀ á máa ṣá, ó sì máa ń tètè ṣubú. Nígbà mìíràn, ó ní, ìdọ̀tí etí lásán wà nínú rẹ̀, tí èèyàn lè fọ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Owó àga àti àtíbàbà tí a fi ṣàdúrà ọjọ́ kẹjọ tó kí dókítà yẹn yẹ etí gbogbo arúgbó ẹgbẹ́ wò. Fún òkú, owó wà. Nígbà tí ẹni náà wà láàyè, "ọjọ́ orí ni."

Mo tẹ̀ lé Ọmọ́táyọ̀ lọ bá Alága. Ọmọ náà kò bèèrè ju pé kí wọ́n yí ẹjọ́ náà padà ní gbangba ní ọjọ́ ogójì, nítorí títí di òní wọ́n ṣì ń pe ìyá rẹ̀ ní agbéraga.

"Ẹgbẹ́ ra màlúù," Bàbá Fágbèmí sọ. "Kí ló tún kù?"

Ìyàwó rẹ̀ gba ẹ̀yìn wọlé. "Baálé mi, ṣé kí n gbé omi wá fún àlejò?" Ọkùnrin náà ń sọ̀rọ̀ màlúù lọ. Obìnrin náà tún un sọ. Kò wẹ̀yìn.

"Ẹ má wulẹ̀ dá a lóhùn," ìyàwó sọ fún wa, ó rọra ń sọ ọ́. "Láti Kérésì ló ti ń bá mi yodì. N kò mọ ohun tí mo ṣe é. Èmi náà ti pa ẹnu mi mọ́."

Ọmọ́táyọ̀ dì mí lọ́wọ́ mú.

Ní ọjọ́ ogójì, kí Alága àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ dúró níbi tí wọ́n ti dájọ́ náà, kí wọ́n sọ ọ́ sókè pé obìnrin yìí kò bá ẹnikẹ́ni yodì, àwọn ni wọ́n ṣi ẹjọ́ rẹ̀ dá. Kí ilé ìwòsàn náà sọ ẹni tó rán arúgbó padà sílé láì wo etí rẹ̀. Kí owó àtíbàbà ọjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ dókítà etí, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí Bàbá Fágbèmí. Àti láti ọ̀la, ẹ padà sí ẹnu ọ̀nà àwọn àgbà. Ẹ dúró síbi tí wọ́n ti lè rí ojú yín.

Mo gba iwájú yàrá rẹ̀ kọjá láàárọ̀ àná. Kọ́tìnnì ṣì wà níbẹ̀. Atẹ́gùn fẹ́, ó mì. Gbogbo ilé dákẹ́, mo sì dúró, nítorí mo gbọ́ ọ bí mo ṣe ń gbọ́ ọ ní gbogbo àárọ̀ báyìí: "Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kò dá yín lóhùn, òun ló ń bèèrè. Ẹ dá a lóhùn.