Ibo Lẹ Da Doreen Sí?

Cyril Hebden, tí gbogbo wa ń pè ní Baba, kú ní oṣù tó kọjá, ní ẹni ọdún mọ́kàndínláàdọ́rùn-ún. Wọ́n sun òkú wọn bí wọ́n ṣe fẹ́. Títí di òní, eérú wọn wà nínú agolo kan ní ilé ìdáná Gillian, ọmọ wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo tíì, nítorí ibi tó yẹ kó gbé wọn lọ, àwọn kan ti fi lọ́rì kó o dànù.

Ọdún mọ́kànlélógójì ni Baba fi tọ́jú pápá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Marlbeck. Ẹgbẹ́ wa ò lókìkí. Àwọn tó ń mọ bíríkì ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1891, ká sì tó rí igba èèyàn wá wòran, ó di ọjọ́ tí òjò ò bá rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá kú, iwájú òpó gòólù tó wà lápá gúúsù pápá là ń gbé eérú rẹ̀ lọ. Baba á fi ṣọ́bìrì ṣí koríko, wọ́n á da eérú sí i, wọ́n á dá koríko padà, wọ́n á rọra fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Èèyàn mẹ́tàlélógún ló wà níbẹ̀. Doreen, ìyàwó Baba, tó ń po tíì fún wa, wà lẹ́bàá òpó ọwọ́ òsì.

Mo rántí Sátidé kan tí bọ́ọ̀lù mẹ́fà gba ọwọ́ aṣọ́lé wa, Terry, wọlé.

"Terry, àtàárọ̀ lo ti ń tẹ ìyàwó mi mọ́lẹ̀."

"Ẹ má bínú, Baba. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n bá mi mú ẹyọ kan."

"Ta ni? Doreen tí ife tíì ń já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀?"

A rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí pápá dá, mo rí Baba tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń fọwọ́ pa koríko ibẹ̀.

Lẹ́yìn náà làwọn ọ̀gá tuntun dé pẹ̀lú koríko oníke. Baba ya àwòrán ibi tí òkú kọ̀ọ̀kan wà, wọ́n fi lé alága ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Ṣé ó tiẹ̀ wò ó? Ọjọ́ méjì làwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gá tuntun fi ha ilẹ̀ yẹn kó lọ. Baba dúró lẹ́yìn ọgbà, wọ́n ká fìlà mọ́wọ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n sun òkú Baba, Gillian lọ bá alága pé kí wọ́n jẹ́ kóun da eérú wọn síwájú òpó.

"Kò ṣeé ṣe, màdáàmù. Eérú máa ba koríko yẹn jẹ́."

"Màmá mi ńkọ́? Ibo lẹ kó wọn lọ?"

"Ilẹ̀ la kó, màdáàmù. A ò kó èèyàn."

Àwọn àgbà ní ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ní Marlbeck, àtààyè àtòkú, èèyàn ò sunwọ̀n. Wọ́n ní ká dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan nítorí Baba, lórí ike. Wọ́n kọ 1891 gàdàgbà sára géètì tuntun. Ta ló gbé 1891 dé ọ̀dọ̀ wọn, bí kò ṣe àwọn òkú tí wọ́n kó dànù? Inú ń bí mi, ojú sì ń tì mí, torí èmi náà wà níbẹ̀ tí mò ń wo àwọn lọ́rì yẹn.

Mo mọ̀ pé ilẹ̀ náà ò ní padà wá. Ó lè ti wà lábẹ́ títì báyìí. Alága, mi ò ní kẹ́ ẹ tọrọ àforíjì. Orúkọ ibi tí àwọn awakọ̀ yín dà á sí ni mo fẹ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí Gillian. Ó fẹ́ gbé bàbá rẹ̀ lọ bá ìyá rẹ̀.