Theresa Kú Sórí Ààlà, Wọ́n Ní Àwọn Kò Ni Ín

Theresa Ọmọ́tọ́ṣọ́ ti kú. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó ògbólógbòó bátìrì mọ́tò ló fi ẹ̀yìn gbá a ṣubú nínú odò kékeré tó pààlà ìpínlẹ̀ wa àti ti aládùúgbò wa. Awakọ̀ náà kò dúró wẹ̀yìn. Àárọ̀ ló kú, ọjọ́ ti rọ̀ kí wọ́n tó gbé e kúrò lójú omi. Kí ló dé tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá láti apá ìhín wò ó títí, ó ní apá ọ̀hún ni orí rẹ̀ wà, kí àwọn ọ̀hún wá gbé òkú wọn. Èyí tó wá láti apá ọ̀hún náà wò ó, ó ní apá ìhín ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wà, ẹsẹ̀ lèèyàn sì fi ń rìn jáde nílé. Àwọn méjèèjì dúró sí etí odò, oníkálukú lẹ́bàá tirẹ̀, wọ́n ń tẹ fóònù. Àwọn obìnrin abúlé ló tú ìró ìdí wọn bò ó nítorí eṣinṣin.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó kú fún yín, nítorí ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó gbà á síṣẹ́. Wolé-wolé ni Theresa. Rantya, ní Jos níbí, ló ń gbé pẹ̀lú Súnkànmí ọkọ rẹ̀. Ní Jos ni wọ́n ti bí bàbá tó bí i, nítorí náà Yorùbá rẹ̀ kì í pẹ́ tán lẹ́nu rẹ̀, Hausa ló máa ń gbà á kalẹ̀. Bó bá wá kí wa nílé, kì í jókòó kó tó ṣí ìdérí ìkòkò omi wa wò. Ìyàwó mi bínú sí i títí ó sú u. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ àbúrò mi, níbi tí gbogbo èèyàn ti ń jẹ, tí wọ́n ń mu, ẹ̀yìnkùlé la ti lọ rí Theresa, ó tẹ̀ ba, ó ń yọjú wo inú gọ́tà. "Haba mana, ẹ má bínú," ló ní, "ojú mi ni ò mọ̀ pé òde la wá." Mo fẹ́ràn obìnrin náà gan-an. Mo ń kọ èyí pẹ̀lú omi lójú, ẹ má sì rò pé omi ojú yẹn máa dí mi lọ́wọ́.

Kí ló wá lọ ṣe nínú odò? Lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò yẹn làwọn kan ti ń yọ́ òjé inú bátìrì. Wọ́n á fọ́ bátìrì, wọ́n á da omi kíkan inú rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á sì ju irin inú rẹ̀ sínú iléru. Ẹ wo ọgbọ́n àwọn èèyàn yìí: wọ́n fi táyà mọ́tò sí abẹ́ iléru wọn. Bí wolé-wolé bá ń bọ̀ láti apá ìhín, wọ́n á ta pákó sórí odò, wọ́n á ti iléru kọjá sí apá ọ̀hún. Theresa á dúró sí etí omi, á máa wo èéfín tí kò láṣẹ láti fọwọ́ kàn. Bó bá jẹ́ pé ti apá ọ̀hún ló ń bọ̀, wọ́n á tún tì í padà sọ́dọ̀ wa. Wọn kì í sì í ṣèèṣì mọ̀ pé ẹnìkan ń bọ̀. Ta ló ń pè wọ́n lórí fóònù kí ọkọ̀ Theresa tó kúrò ní ọgbà ọ́fíìsì? Mo bi àwọn ọ́fíìsì nígbà tí Theresa wà láàyè, mo tún ń bi wọ́n báyìí.

Mo tẹ̀ lé e débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ewúrẹ́ ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lójú ọ̀nà bí ọ̀mùtí. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dùn lẹ́nu, adùn tí kò dáa, mo sì tutọ́ títí mo fi délé. Hàbíbátù, ọmọ Ìlọrin tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà nítòsí odò, gbé Amirah ọmọ rẹ̀ jáde sí wa. Ọmọ tó máa ń ké Kùránì ketekete tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́, gìrì ti mú un débi tó ń wá orúkọ ara rẹ̀ tì. Dókítà ní òjé ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní oògùn kankan ò ní í ràn án bí èéfín náà ò bá dúró.

"Àǹtí wolé-wolé," ni Hàbíbátù wí, "bí ẹ bá dé, èéfín á lọ. Bí ẹ bá lọ, á padà. Ṣé kí n so yín mọ́ ẹnu ọ̀nà mi ni?"

Mo rò pé Theresa á rẹ́rìn-ín. Kò rín. Ó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú. "Màmá Amirah, yi hakuri, ẹ ṣe sùúrù. Iná yẹn, màá pa á. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọdá. Ina ruwan iska da boda? Kí ló kan atẹ́gùn kan ààlà?"

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-hùrù rẹ̀ kò ní í jẹ́ ká sùn lóru. Theresa lọ bá ará ilé sọ ọ́. Wolé-wolé apá ọ̀hún ń jẹ́ Lááwàlì, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí ọ̀rọ̀ iléru yìí ti sú bó ṣe sú Theresa.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Lááwàlì wí fún un, "bí wọ́n bá rí yín, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń tì í wá. Bí wọ́n bá rí mi, ọ̀dọ̀ yín ni. Bí wọ́n bá wá rí àwa méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́?"

"Kai! Lááwàlì, orí ẹ pé. Gobe da safe. Láàárọ̀ ọ̀la, má jẹ́ kí oorun gbé ẹ lọ o."

Wọn ò sọ fún ọ́fíìsì, wọn ò gun ọkọ̀ ìjọba. Ọ̀kadà ni oníkálukú gùn, wọ́n sì yọ sí odò láti apá méjèèjì ní wákàtí kan náà. Àwọn ayọ́jé ti iléru dé àárín pákó, wọ́n rí Lááwàlì níwájú. Wọ́n wẹ̀yìn, wọ́n rí Theresa. Iná kú sórí omi lọ́jọ́ náà. Hàbíbátù ní òun gbọ́ ohùn ẹyẹ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹ̀bùn wo ni wọ́n wá rí gbà? Àwọn ọ̀gá wọn pe àwọn méjèèjì lẹ́jọ́. Ta ló ní kí ẹ bá ìpínlẹ̀ mìíràn ṣiṣẹ́? Wọ́n ní kò sí àyẹ̀wò kankan mọ́ níbẹ̀ títí àwọn ọ̀gá méjèèjì yóò fi jókòó ṣe àdéhùn. Ìjókòó náà kò sì ṣeé ṣe, nítorí pé ọ̀rọ̀ ta ni yóò lọ kí ta ló dé. Ọ̀gá tibí ní òun ni àgbà lẹ́nu iṣẹ́, kí ti ọ̀hún wá kí òun. Ti ọ̀hún ní ọ̀dọ̀ òun ni orísun odò wà, kí ló ṣẹlẹ̀ tí òun yóò fi máa ṣàn lọ sísàlẹ̀ bí omi? Ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ ti sọ ara rẹ̀ dọmọdé. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ara wọn lẹ́kọ̀ọ́ ilé lọ́wọ́, iléru padà sẹ́nu iṣẹ́, Amirah sì tún dákú.

Wọ́n gbé Lááwàlì lọ sí ìlú tó jìnnà. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí, Theresa mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ ó lọ. Ó bá iléru ní apá ìhín. Wọ́n ta pákó sórí omi, wọ́n ti iléru kọjá. Hàbíbátù rí i tó dúró létí odò bó ṣe máa ń dúró, ó sì rí i tó bọ́ bàtà. Ó ti dé àárín omi nígbà tí ọkọ̀ bátìrì fẹ̀yìn rìn wọ inú odò, ó sì gbá a.

Ọ́fíìsì rẹ̀ kò rán ẹnì kan wá síbi ìsìnkú. Mo purọ́, wọ́n rán ẹnìkan wá sílé rẹ̀ ní Rantya lẹ́yìn tí a sin ín tán. Ó wá gba kàkí. Ó ní ohun ìní ìjọba ni. Súnkànmí ká aṣọ iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ dáadáa, ó fi lé e lọ́wọ́.

Lẹ́yìn èyí ni rédíò kéde pé àwọn ọ̀gá méjèèjì ti pàdé. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n pàdé! Ní hòtẹ́ẹ̀lì kan, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, kò sí ẹni tó béèrè ta ni àgbà. Wọ́n fọwọ́ sí ìkéde kan pọ̀ pé ìrìn àjò ara ẹni ni olóògbé náà lọ, kò sí ìpínlẹ̀ tó rán an níṣẹ́. Àdéhùn àkọ́kọ́ tí ìpínlẹ̀ méjèèjì máa ṣe lórí odò yẹn nìyẹn. Wọn ò lè pawọ́ pọ̀ pa iná, ṣùgbọ́n wọ́n pawọ́ pọ̀ kọ òkú sílẹ̀.

Ó dáa. A ti wá mọ̀ pé ẹ̀yin ọ̀gá lè pàdé, ẹ ò ní àwáwí mọ́. Ẹ mú awakọ̀ yẹn wá, ẹ mọ nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ sọ orúkọ ẹni tó ń pe àwọn ayọ́jé lórí fóònù. Ẹ dá Lááwàlì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ẹ dá kàkí Theresa padà fún ọkọ rẹ̀, kí ẹ sì sọ lórí rédíò kan náà pé ẹnu iṣẹ́ ló kú sí. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ọ̀gá méjèèjì, ẹ bọ́ bàtà. Kí ọ̀kan gba ìhín wá, kí èkejì gba ọ̀hún wá, ní wákàtí kan náà, kí ẹ pàdé lórí iléru yẹn.

Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́. Ọyẹ́ ti dé. Láti apá ibẹ̀ ló ti ń fẹ́ bọ̀ sí Jos, ó gba orí àdúgbò Zawan, ó gba orí ọ́fíìsì yín, ó gba orí ilé tí ọmọ tiyín ń sùn sí. Lánàá mo jí, ẹnu mi ń dùn, adùn etí odò yẹn.