Ẹ̀rí tí Mo Fi Ọwọ́ Jẹ́

Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn nínú oṣù keje ni, lẹ́yìn tí òjò òwúrọ̀ ti dá, lábẹ́ àtíbàbà tí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ibafo ta síwájú àwọn kíláàsì rẹ̀ fún ayẹyẹ ìparí ọdún. Mo jókòó láàrin àwọn òbí. Ọmọbìnrin mi, tó jẹ́ adití láti inú oyún, jókòó tì mí. Kì í ṣe ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì pè wá. Ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ wà lára báńnà tí wọ́n so mọ́ géètì, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Níbí ni etí adití ti ń là.” Nítorí báńnà yẹn ni mo ṣe wá. Ẹ̀san ni mo wá gbà.

Lọ́dún tó ṣáájú ni mo mú un lọ síbẹ̀ láti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Obìnrin tó dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, ẹni tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Mọ́mì, ní kí ọmọ náà na ọwọ́ ọ̀tún kọjá àtàrí kó fi kan etí òsì, bí àwọn àgbà ṣe máa ń wọn ọmọ tó ti tó ilé-ìwé lọ. Ọwọ́ rẹ̀ kan etí. Nígbà náà ni èmi, tí mo jẹ́ dókítà, ṣàlàyé pé etí ọ̀hún kò gbọ́ràn, pé èdè ọwọ́ ni a fi ń bá a sọ̀rọ̀, àti pé èmi fúnra mi yóò máa wá kọ́ àwọn tíṣà ní èdè náà lọ́fẹ̀ẹ́.

“Ẹ má jẹ́ kí n gbọ́ ìyẹn lẹ́nu yín mọ́, Dókítà! Ìwé ti pọ̀ jù lágbárí yín. Ta ló ní ọmọ yìí ò ní í gbọ́ràn?”

Ó kó àwọn tíṣà jọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, wọ́n gbàdúrà kíkankíkan. Lẹ́yìn àdúrà, ó dúró sẹ́yìn ọmọ náà, ó sì fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ gbì! Ilẹ̀ onípákó ni ilẹ̀ ọ́fíìsì yẹn. Ọmọ mi mọ ìmìtìtì náà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, ó yíjú padà.

“Ó gbọ́! Ó ti gbọ́!”

Wọ́n ya àwòrán rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ní kí Mọ́mì jáde tún ẹsẹ̀ náà jan lórí sìmẹ́ǹtì kí a wò ó. Ó ní Ọlọ́run ni mo ń dán wò.

Wọ́n gbà á wọlé. Mọ́mì wá pàṣẹ pé tíṣà kankan kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ júwe nǹkan fún un, kí wọ́n má baà fi ọwọ́ ba ìwòsàn jẹ́. Odindi sáà kan ni ọmọ mi fi jókòó sẹ́yìn kíláàsì, tó ń wo ẹnu tó ń là tó ń pàdé. Nígbà tí sáà parí, wọ́n lé e, wọ́n ní àìgbàgbọ́ wa ló gba etí rẹ̀ padà. Báńnà kò kúrò. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ ọ́, Mọ́mì rẹ́rìn-ín sí mi.

Nítorí náà, nígbà tí ó bi àwọn èrò lọ́jọ́ ayẹyẹ pé ta ló ní ẹ̀rí, mo nawọ́. Ojú rẹ̀ tàn. Ó rò pé mo wá kúnlẹ̀ ni.

“Ẹ wo Dókítà fúnra wọn! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún wọn!”

Mo gba máìkì, mo gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì. Mo kọjú sí ọmọ mi, mo sì fi ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rí náà láti ìbẹ̀rẹ̀, n kò kánjú.

“Ṣé máìkì ò ṣiṣẹ́ ni?”

“Ẹ gbóhùn sókè, jàre!”

“Eṣinṣin ló ń lé,” ni bàbá kan wí, àwọn èèyàn sì bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé ibi tí Mọ́mì ti jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ọmọ mi nìkan ló rẹ́rìn-ín.

“Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, a ò mọ ohun tí ẹ ń sọ.” Òógùn ti ń ṣàn gba inú páúdà ojú Mọ́mì. Ó dùn mọ́ mi. Mo fa ọ̀rọ̀ náà gùn sí i.

Ìgbà tí mo parí ni mo tó gbé máìkì. “Ẹ̀yin òbí, ẹ ò mọ ohun tí mo sọ, ẹnikẹ́ni ò sì ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Bí ọmọ mi ṣe jókòó níbí nìyẹn. Òun ni ẹ rí ní géètì. Kò gbọ́ràn rí.”

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Èmi àti ọmọ mi já báńnà náà, kò sí ẹni tó dá wa dúró. Mo gé ojú ọmọ mi kúrò lára rẹ̀, mo sì fi ìyókù tẹ́ ilé adìyẹ mi ní Mowe. Orí ọ̀rọ̀ wọn ni àwọn adìyẹ ń ṣu sí. N kò kábàámọ̀. Ọmọ mi ti ń lọ sí kíláàsì àwọn adití kan níhà Ifọ̀ báyìí. Ọ̀nà rẹ̀ jìn, ṣùgbọ́n ó ti ń kàwé.

Ohun kan ṣẹ́ kù. Nígbà tí mo ń jẹ́rìí, ìyá àgbà kan jókòó níwájú pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ọmọ náà tẹjú mọ́ ọwọ́ mi, ó sì ń fara wé e. Mo rí i, ṣùgbọ́n ojú Mọ́mì ni mo padà sí. Nígbà tí a kúrò ní géètì padà dé abẹ́ àtíbàbà, wọ́n ti lọ. Ẹni tó jókòó tì wọ́n sọ fún mi pé Àgbàdo ni wọ́n ti wá, pé ọmọ náà kò gbọ́ràn, báńnà ló sì mú wọn wá. Mo ti wá wọn lọ sí Àgbàdo, n kò rí wọn. N kò mọ orúkọ ọmọ náà, n kò sì mọ̀ bóyá ó wà nílé-ìwé kankan.