Àgbo Ará Ṣáínà àti Ọwọ́ Àǹtí Múníra

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èmi àti ọmọbìnrin mi ń rìn lọ nínú ọjà Deptford, níbí ní ìlú òyìnbó, ni ẹnìkan bá ṣí ilẹ̀kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, òórùn kan sì tú jáde. Ẹlòmíì lè má kà á sí. Ó dà bíi ti ewé gbígbẹ tí òjò pa, tí wọ́n wá fi iná jó díẹ̀, pẹ̀lú nǹkan kíkan kan lábẹ́ rẹ̀. Kí n tó mọ̀, mo ti fa ìborí mi bo imú, itọ́ sì ti kún mi lẹ́nu bí ẹni tó fẹ́ bì. Ọmọ mi wò mí, ó ní, "Mummy, ṣé ẹ wà OK?" Mo ní kò sí nǹkan. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún ọmọ òde òní, láàárín ọjà, pé àgbo kan tí wọ́n ti dà nù láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé ló ṣì ń rùn sí mi? Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Fúláàtì káńsù là ń gbé nígbà náà, ní àjà kẹta, lẹ́yìn Rye Lane ní Peckham. Bàbá mi ń ṣọ́ ilé iṣẹ́ kan ní Bermondsey, ìyá mi ń se oúnjẹ ní ilé ìwé. Àbúrò ìyá mi, Àǹtí Múníra, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìjẹ̀bú-Òde, ni a jọ ń sùn ní yàrá kan. Irun ni wọ́n ń dì ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Rye Lane, láàárín ẹlẹ́ja àti aláṣọ. Ọwọ́ wọn yá, ìdì wọn kì í sì í dun orí. Àwọn obìnrin ń ti Deptford wọ bọ́ọ̀sì wá, wọ́n á jókòó dè wọ́n nígbà tí àga àwọn onídìrí yòókù ṣófo.

Nígbà tó yá, nǹkan kan hù sẹ́gbẹ̀ẹ́ èékánná àtàǹpàkò wọn. Wọ́nwọ́n ni, kókó kékeré líle tó máa ń hù lójú awọ. Ọ̀kan di mẹ́ta, mẹ́ta di ogunlọ́gọ̀, títí oríkèé ìka wọn fi kún. N kò lè gbàgbé bí àwọn kókó náà ṣe rí. Wọ́n le bí èèpo igi, àwọ̀ wọn dà bí eérú, orí wọn là wẹ́lẹwẹ̀lẹ, àmì dúdú bí ojú abẹ́rẹ́ sì wà nínú wọn. Bí irun oníbàárà bá há sí ọ̀kan, á ya, á sì ṣẹ̀jẹ̀. Bí a bá jókòó ti ẹ̀bà, tí Àǹtí bá na ọwọ́ sí abọ́ ọbẹ̀, ara mi á bù máṣọ. Màá rọra fa abọ́ tèmi sẹ́yìn, màá sì tẹjú mọ́ tẹlifíṣàn bí ẹni pé ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ yé mi.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo jókòó sí kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù náà, Àǹtí Múníra ń dirun fún obìnrin kan tó fẹ́ lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Wọ́n ti dì í dé ìdajì. Obìnrin náà gbójú sókè sínú dígí, ó rí ọwọ́ tó wà lórí rẹ̀. Ó béèrè pé kí nìyẹn. Kò dúró gba ìdáhùn. Ó dìde, ó so gèlè mọ́ ìdajì irun dídì àti ìdajì irun tó ta gàgà, ó sì jáde. Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù, tí gbogbo wa ń pè ní Mummy, kò pariwo. Wọ́n kàn sọ pé, "Múníra, lọ tọ́jú ọwọ́ yìí ná. Orí ọmọ èèyàn là ń fọwọ́ kàn níbí."

Láti ọjọ́ náà, ilẹ̀ ni Àǹtí ń gbá, kóòmù ni wọ́n ń fọ̀, ọmọbìnrin mìíràn sì jókòó sí àyè wọn. Bí a bá ń bọ̀ wálé, wọ́n á ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò kóòtù, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn. Mo gbọ́ tí wọ́n sọ fún ìyá mi pé bí ọwọ́ náà kò bá san, kò sí ohun tí àwọn ń ṣe ní ìlú yìí mọ́.

Dókítà ti fi nǹkan tútù kan tó ń rú èéfín jó àwọn wọ́nwọ́n náà. Wọ́n lé ròrò, wọ́n bẹ́, wọ́n gbẹ, wọ́n sì tún hù padà pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Ìpara tí a rà ní kẹ́místì, awọ tó dára ló ń bó. Ìyá mi ní ká ní Ìjẹ̀bú la wà, oje bọ̀tujẹ̀ ni àwọn ì bá máa kán sí i, ṣùgbọ́n ta ló ń gbin bọ̀tujẹ̀ sí Peckham? Ẹnìkan níbi iṣẹ́ wọn ló júwe obìnrin ará Ṣáínà kan tó ń ta egbòogi ní Deptford.

Èmi ni mo tẹ̀lé Àǹtí lọ, torí Gẹ̀ẹ́sì wọn kò tíì já gaara. N kò sì wúlò púpọ̀, nítorí àwọn ìgò tó wà lára ògiri ló gba ojú mi. Gbòǹgbò tó ká kò bí ìka arúgbó ń bẹ níbẹ̀, àti olú tó rí bí etí, àti alángbá gbígbẹ tí wọ́n fi igi tẹ́ pẹrẹsẹ, àti ejò tí wọ́n ká bí okùn. Òórùn ibẹ̀ há mi lọ́fun. Ìgbà tí mo máa fi yíjú padà, obìnrin náà ti ń wọn egbòogi sínú ìwé, ó ń dì í ní dídì dídì. Ó ní ká máa sè é, kí Àǹtí máa ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí wọ́n sì máa mu ife kékeré kan nínú rẹ̀.

Nígbà tí ìyá mi tú ìdì àkọ́kọ́ sórí tábìlì, èèpo igi ló wà níbẹ̀, àti ewé, àti hóró kan tó jọ ọ̀fíò, àti kòkòrò. Kì í ṣe kòkòrò gan-an, awọ tí kòkòrò bọ́ sílẹ̀ ni. Ó fúyẹ́, ó ń dán, inú rẹ̀ ṣófo, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì pé. Ó dà bí aáyán tó jáde lọ tó gbàgbé ara rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá mi rọra pa ìwé náà dé. Bàbá mi wọ awò ojú wọn, wọ́n fi ṣíbí yí ọ̀kan sọ́tùn-ún sósì, wọ́n béèrè ohun tí ìyẹn ń wá nínú ilé Mùsùlùmí. Wọ́n lọ bi ààfáà tó ń kọ́ wa ní kéú. Ààfáà ní fífi fọwọ́ kì í ṣe jíjẹ. Bàbá mi wá pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ kan ẹnu ẹnikẹ́ni, kò sì gbọdọ̀ kan ìkòkò ọbẹ̀. Mo bá Àǹtí dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí ààfáà yẹn, torí òórùn nìkan ti tó wa í jẹ.

Bí àgbo náà bá ti ń hó, á yọ ìfófòó aláwọ̀ ilẹ̀ sójú, òórùn rẹ̀ á gba abẹ́ ilẹ̀kùn, á wọ kọ́tìnì, á wọ ìrọ̀rí, á wọ burẹ́dì. Bàbá àgbà ará Jàmáíkà tó ń gbé nísàlẹ̀ wa gòkè wá kanlẹ̀kùn, wọ́n sì fi ọ̀wọ̀ béèrè bóyá ẹranko kan kú sínú páìpù wa. Ní ilé ìwé, ọmọ tó ń jókòó tì mí sún àga rẹ̀ kúrò, olùkọ́ sì ṣí fèrèsé nínú òtútù láìsọ ìdí rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá burú sí ni pé mo rí wọ́nwọ́n kan lára ìka tèmi. Mo fi páláásítà bò ó. N kò jẹ́ fi ìka náà kan ojú ara mi. Bí mo bá fẹ́ sùn, mo máa ń na ọwọ́ náà jáde kúrò lábẹ́ aṣọ bí ẹni pé ti ẹlòmíì ni. Ìgbà tí mò ń ṣe àlùwàlá ni páláásítà tú sínú omi, Àǹtí sì rí i. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n fa àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn ní kíṣìnì, wọ́n ní kí n ki ọwọ́ bọ inú abọ́. Mo wo omi náà. Ó dúdú bí omi gọ́tà, ẹsẹ̀ kòkòrò kan léfòó lójú rẹ̀, ọwọ́ Àǹtí sì wà nísàlẹ̀, ó ti rọ̀, gbogbo kókó rẹ̀ wú, ó ń funfun.

"Ṣé omi yìí ló ń rí ẹ lára," wọ́n béèrè, "àbí ọwọ́ mi?"

Mo dijú, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Omi náà ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, ẹsẹ̀ kòkòrò náà sì wá lẹ̀ mọ́ mi lọ́rùn ọwọ́.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń jókòó láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ọwọ́ mẹ́rin nínú abọ́ kan. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú omi, ọ̀rọ̀ sísọ nìkan ló kù fún un láti ṣe. Àǹtí a máa sọ nípa ilé bàbá wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde, nípa bí ìyá mi ṣe bọ́ sínú kòtò lọ́jọ́ Iléyá pẹ̀lú aṣọ tuntun, tí àgbò sì dúró létí kòtò tó ń wò wọ́n. Yorùbá tí mo lè fẹnu sọ tẹ́lẹ̀ kò ju "wá jẹun" àti "pa iná" lọ. Nínú òórùn yẹn ni mo ti kọ́ èyí tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí nǹkan bí èérún burẹ́dì lórí ìbùsùn. Mo mú un, mo ti gbé e súnmọ́ ojú kí n tó mọ̀ pé wọ́nwọ́n Àǹtí ló já bọ́. Mo bì. Àǹtí ní tiwọn kúnlẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún. Àwọn yòókù dúdú, wọ́n gbẹ, wọ́n ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tèmi náà sì bá wọn lọ. Nọ́ọ̀sì ilé ìwé sọ fún mi lẹ́yìn náà pé wọ́nwọ́n a máa lọ fúnra rẹ̀ bó bá pẹ́ lára. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. N kò jiyàn, n kò sì sọ fún Àǹtí. Wọ́n padà sídìí àga wọn. Obìnrin tó jáde lọ́jọ́sí padà wá, kò tọrọ àforíjì, ó kàn jókòó. Àǹtí dirun fún un. Ìyá mi ní ìdì irun ọjọ́ náà le díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ṣọ́ọ̀bù onídìrí yẹn ti di ibi tí wọ́n ti ń ta kọfí. Ọmọ tí wọ́nwọ́n bá hù sí lára lónìí, fóònù rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bi. Ìríra èèyàn sí awọ ọmọnìkejì rẹ̀ ni kò tíì yí padà. Mo ṣì ń rí i nínú bọ́ọ̀sì, bí wọ́n ṣe ń dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ kò dán.

Lẹ́yìn ọjọ́ ọjà yẹn, mo lọ kí Àǹtí Múníra ní Bermondsey, níbi tí àwọn àti ọkọ wọn ń gbé. Mo sọ fún wọn nípa òórùn tó bá mi ní Deptford. Wọ́n ní àwọn kò rántí òórùn kankan.

"Obìnrin elégbòogi yẹn ni mo rántí," wọ́n ní. "Bírò ni dókítà fi ń nàka sí ọwọ́ mi. Ìyá rẹ, ọmọ ìyá mi, òkèèrè ni wọ́n ti ń ju tówẹ̀lì sí mi. Òun gba ọwọ́ mi méjèèjì, ó gbé wọn lé itan rẹ̀, ó ń tẹ ìka mi wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà náà, ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti dì mí lọ́wọ́ mú kẹ́yìn."

Mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà lọ́jọ́ yẹn, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, n kò sì rí i.