Ilé Wa Nínú Odò Ọya

Lánàá, ọmọ-ọmọ mi fa máàpù àtijọ́ kan yọ nínú àpótí mi. Òórùn epo pupa kan gbà mí nímú, mo sì di ọmọ iléèwé ní Kàbà padà.

Tíṣà ní, "Nọ́ńbà Kàbà lórí máàpù yìí ni mẹ́ta, méje. Ẹ rin ilà mẹ́ta sọ́wọ́ ọ̀tún ná, kí ẹ tó gun méje lọ sókè."

Orí òkè ni wọ́n bí bàbá mi sí, èmi ọmọ Owé, ìran Kàbà, bá kọ́kọ́ fi mẹ́ta gun òkè, mo wá fi méje rìn sọ́wọ́ ọ̀tún. Bí mo ṣe já sínú Odò Ọya nìyẹn. Ẹja ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gé mi níka jẹ!

Àwọn ẹgbẹ́ mi pariwo: "Ilé yín ti rì!"

Mo ki máàpù sábẹ́ ẹ̀wù, mo sáré relé.

"Ìyá, wọ́n ní ilé wa ti rì!"

Ìyá mi ń po epo mọ́ ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó wo bébà náà títí, ó fi ìka elépo tẹ ibì kan, ó kí mi bí a ṣe ń kíra ní Kàbà: "Okun o, ọmọ mi. Ilé wa rè é. Ṣé o ò rí èéfín ni?"

Mo rí i! Mo tiẹ̀ gbọ́ igbe ewúrẹ́ wa.

Ìyá mi ò mọ̀wé. Igbó ni ibi tó tẹ̀ yẹn.

"Bàbá, Kàbà dà nínú eléyìí?" ọmọ-ọmọ mi bi mí.

Mo fi ìka lé ojú epo náà. "Òun rè é. Ṣé o ò rí èéfín ni?"