Onígbàjámọ̀ Tó Ṣí Ìbọn Lẹ́nu

Ọkọ àbúrò mi kò jagun rí. Onígbàjámọ̀ ni. Nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́, abẹ́ ibùsùn ìyá rẹ̀ ló wà; èmi ni mò ń gbé oúnjẹ lọ fún un níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó sórí àga rẹ̀ láti fárí, ìtàn ogun ni yóò gbọ́, ó fẹ́, ó kọ̀. Ọ̀gágun ni àwọn oníbàárà ń pè é. Ó sì ń jẹ́.

Ìbọn kan ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ìbọn arọ̀jò-ọta kékeré ni, ti àtijọ́, irú èyí tí àpótí ọta rẹ̀ ń yọ síta lápá òsì bí ọwọ́ alágbe. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta àlòkù irin ló ti rà á. Wọ́n ti jó irin dí i lẹ́nu. Kò lè pa eṣinṣin. Ó gbé e kọ́ sókè dígí.

Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan nàka sí i.

"Ọ̀gágun, ìbọn yín mà yadi! Àbí oúnjẹ ló wà lẹ́nu ẹ̀ ni?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ wá wo ohun tí ọlọ́gbọ́n yìí ṣe. Ó gbé ìbọn lọ bá wẹ́dà, ó ní kó lu irin náà jáde títí dé ìdí. Àbúrò mi ní, "Bàbá ọmọ mi, òkú lẹ fẹ́ jí yìí o." Ọkọ rẹ̀ ní kí ó panu mọ́.

Ó gbé ìbọn padà sókè dígí; kò pẹ́ tí ìròyìn rẹ̀ fi mú ọlọ́pàá dé ṣọ́ọ̀bù. Èyí àgbà nínú wọn mọ ìbọn. Ó wo àpótí ọta, ó wo nọ́ńbà tí wọ́n lù sí i lára, ó wá ki wáyà bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Wáyà yọ lẹ́yìn.

"Bàbá, dídí ni wọ́n máa ń ta irú eléyìí. Tó bá jẹ́ pé ẹ rà á ni, ẹ mú wa lọ bá ẹni tó ṣí i. A ó gba ìbọn, ẹ ó padà sílé."

Àbúrò mi dì í lápá mú. "Ẹ sọ fún wọn, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ rà á ni."

Ọkọ rẹ̀ wo àwọn oníbàárà lórí bẹ́ǹṣì. Gbogbo wọn tẹ́tí.

"Rà kí ni? Ojú ogun ni mo ti gbé e wálé. Kò dí rí!"

"Ó ń yìn?"

"Dáadáa!"

Ọlọ́pàá mí kanlẹ̀. "Ìbọn ogun ni, ó ń yìn, tiyín ni, ẹ kò ní ìwé àṣẹ. Ẹ dìde, bàbá."

Nílé ẹjọ́ ló tó rántí òótọ́. Ó sọkún, ó ní òun kò jagun rí, òun rà á ni. Adájọ́ ní kí wọ́n pe àwọn oníbàárà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ro ogun náà bó ṣe rò ó fún wọn, wọn kò fo ibì kan. Ọ̀kan tilẹ̀ gba ọ̀pá tí mo fi ń rìn lọ́wọ́ mi, ó fi ṣàpèjúwe bí Ọ̀gágun ṣe ń yìnbọn.

Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni wọ́n dá fún un.