Láfún Tí Kò Sí Nínú Fíìmù

Ẹ lè ní irọ́ ni. Èmi náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ akọ̀ròyìn kì í jẹ́ kí n gba ohun tí n kò fojú rí. Èyí, mo fojú rí i.

Fíìmù kan ló gbé mi dé Ìlá. Wọ́n ní ìtàn òótọ́ ni: awakọ̀ takisí kan mutí yó, ó kó sí kòtò lọ́nà Ọ̀tan, ó kú. Ìyàwó tó fi sílẹ̀ ní kò rí bẹ́ẹ̀.

"Ọkọ mi kì í fẹnu kan ọtí. Ọmọ wa ò lọ sílé ìwé mọ́; 'ọmọ ọ̀mùtí' ni wọ́n ń pè é. Ẹ bá mi wá ẹni tó rí i."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo wọ takisí lọ síbi tó ti ṣẹlẹ̀. Mo sanwó ìjókòó méjì lẹ́yìn kí wọ́n má baà há mi mọ́. Ẹ gbà mí gbọ́, n kò mọ ìgbà tí ọkùnrin kan jókòó tì mí. Ìyẹ̀fun funfun bò ó lórí, lọ́rùn, lápá. Mo ṣe bí oníṣòwò láfún ni.

"Ṣé ẹ ti wo fíìmù awakọ̀ yẹn?" ni mo bi í.

Ó dáhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Wọn ò fi láfún sí i."

"Láfún wo?"

"Èyí tí ìyá kan sá sórí títì. Òjò ṣú, ó sáré bọ́ sójú ọ̀nà láti kó o. Òun ni mo yà fún."

Mo fa ìwé àkọsílẹ̀ mi yọ.

Awakọ̀ wa wò mí nínú dígí, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ̀yin lẹ gba méjì. Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

Ìjókòó ti ṣófo. Ìyẹ̀fun wà lápá aṣọ mi.

Níbi kòtò náà, ìyá arúgbó kan ń fi ìgbálẹ̀ kó láfún jọ létí títì. Mo kí i, mo sì béèrè bóyá òun ni awakọ̀ tó kú náà yà fún. Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló sọ fún ọ? Àwa méjì péré la wà níbẹ̀."

Ó sunkún títí. "Bí mo bá sọ ọ́, wọn á ní èmi ni mo pa ọmọ ọlọ́mọ. Jọ̀ọ́, má dárúkọ mi."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó kọ̀. Olóòtú mi náà ní ẹlẹ́rìí tí kò lórúkọ kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Wọ́n ṣì ń wo fíìmù náà. Ọmọ náà ṣì jókòó sílé.

Ẹ̀yin tó ń gba ọ̀nà Ọ̀tan, ẹ má gba ìjókòó méjì. Bí ẹ bá sì gbà á, tí ìyẹ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dà sí yín lára, ẹ má dáhùn. Ọkùnrin oníyẹ̀fun náà yóò bi yín bóyá ọmọ òun ti padà sílé ìwé. Kí lẹ fẹ́ sọ fún un?